Òkun, Yanrìn àti Ògiri Òkúta: Àgbéyẹ̀wò Bí Òkun Ṣe Ń Jẹ Ilẹ̀ ní Etíkun Èkó àti Ìlàjẹ

Ìfáárà

Ilẹ̀ ni Yorùbá máa ń mu bí wọ́n bá fẹ́ dá májẹ̀mú tí kò ní í yẹ̀. Ìdí ni pé wọ́n gbà pé ọba lè wàjà, ilé lè wó, ìran kan lè kọjá lọ kí òmíràn sì dé, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yóò wà níbi tí ó wà. Síbẹ̀, àwọn kan wà nínú ọmọ Yorùbá tí ilẹ̀ baba wọn kò sí níbi tí wọ́n bá a mọ́. Ní etíkun Èkó àti ní agbègbè Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àgbàlagbà lè na ọwọ́ sí ojú omi kí ó sì sọ pé ibẹ̀ ni ilé bàbá òun wà rí.

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ní àwọn agbègbè wọ̀nyí àti oríṣiríṣi ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti gbà láti dá a dúró. Ohun tí ó fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti agbára òkun nìkan. Ọ̀rọ̀ yanrìn ni pẹ̀lú: ibi tí yanrìn ti ń bọ̀, ibi tí ó ń lọ, àti ẹni tí ó dá a dúró lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn àlàyé yìí, iṣẹ́ náà yóò fi etíkun wa wé ti ibòmíràn, yóò sì dá àbá lórí bí olùkọ́ Yorùbá ṣe lè lo kókó yìí nínú kíláàsì.

Ìrìnàjò Yanrìn Létí Òkun

Ẹni tí ó bá dúró létí òkun ní Èkó lè rò pé ńṣe ni ìgbì kàn ń wá tí ó sì ń padà. Ọ̀rọ̀ kò mọ bẹ́ẹ̀. Etíkun Èkó kọjú sí gúúsù, ṣùgbọ́n láti ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbì Òkun Àtìláńtíìkì ti ń wá. Nítorí náà, ìgbì kì í kan ilẹ̀ ní tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ni ó ń gbà kàn án. Bí ìgbì bá gun orí yanrìn, yóò ti díẹ̀ lọ sókè ní ìdagun. Bí omi bá ń padà, yóò gbé yanrìn náà sọ̀kalẹ̀ ní tààrà. Ibi tí yanrìn náà bọ́ sí kì í ṣe ibi tí ó ti gbéra. Ó ti sún díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Báyìí ni ó ń rí tọ̀sán-tòru, tẹ̀ẹ̀rùn-tòjò, títí tí yanrìn púpọ̀ yóò fi gba iwájú Èkó kọjá lọ sí ìlà-oòrùn lọ́dọọdún, tí kúbíìkì mítà rẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún.

Èyí ni ó fi hàn pé etíkun tí kò sún kì í ṣe etíkun tí kò pàdánù yanrìn. Etíkun tí ohun tí ó ń wọlé fún un tó ohun tí ó ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ni. A lè fi í wé àpò oníṣòwò. Níwọ̀n ìgbà tí owó bá ń wọlé bí ó ṣe ń jáde, àpò kò ní í gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá dí ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé, tí ìnáwó kò sì dúró, ojú owó ni olówó yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ná. Bí yanrìn kò bá wọlé mọ́, ilẹ̀ gan-an ni òkun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé.

Àwọn nǹkan mìíràn tún ń dá kún un. Ìdídò ńlá tí wọ́n kọ́ sórí odò, bí ti Akosombo ní Gánà ní 1965 àti ti Kainji ní Nàìjíríà ní 1968, ń dá yanrìn tí ìbá dé òkun dúró. Àwọn tí ń wa yanrìn tà létí omi ń bu nínú ohun tí ó kù. Omi òkun káàkiri ayé pẹ̀lú ń ga sí i, nǹkan bí mìlímítà 3 sí 4 lọ́dún ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Lójú ẹni tí ó ń gbé lórí òkè, èyí kò tó nǹkan. Lójú ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ kò fi mítà méjì ga ju omi lọ, ó tó nǹkan púpọ̀.

Apá Òkúta Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Ní ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkìtì yanrìn kan dábùú ẹnu ọ̀sà Èkó lábẹ́ omi. Kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ọkọ̀ tí ó bá kó ẹrù Èkó láti ìlú òyìnbó a máa já ẹrù náà sí Forcados, kí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó kó o wá sí Èkó. Ìnáwó àti ìdádúró yìí kò tẹ́ àwọn oníṣòwò àti ìjọba amúnisìn lọ́rùn. Láàárín 1908 àti 1912, wọ́n fi òkúta ńláńlá to apá gbọọrọ wọ inú òkun ní ìhà ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀sà náà, kí omi ọ̀sà lè máa sáré jáde kí ó sì máa gbá yanrìn kúrò lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ náà ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é. Ojú omi jìn sí i, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, òwò sì gbòòrò. Bí Èkó ṣe di èbúté pàtàkì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò ṣẹ̀yìn òkúta wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìrìn yanrìn tí ó ti wà láti àtètèkọ́ṣe ni wọ́n fi òkúta dí. Yanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn kọlu apá òkúta, ó sì dúró. Ní ìhà Lighthouse Beach, ilẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í wú jáde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, etíkun ibẹ̀ fi ju 500 mítà lọ sún wọ inú òkun. Ní òdìkejì ẹnu ọ̀sà, ní iwájú Victoria Island, òkun ń gbé yanrìn lọ bí ó ti máa ń ṣe, kò sì sí òmíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀. Kí ó tó di nǹkan bí 1960, etíkun tí ó sún mọ́ ìdí apá òkúta ìlà-oòrùn ti fi ju kìlómítà kan lọ sún sẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Létí òkun, òwe yìí kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà ní ìlà-oòrùn ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ìgbìyànjú ní Bar Beach

Láti òpin àwọn ọdún 1950 ni ìjọba ti ń wá ojútùú sí ọ̀rọ̀ Bar Beach. Ní 1958, wọ́n kọ́ ìdábùú òkúta kan sí ìdí apá òkúta ìlà-oòrùn kí òkun má bàa já a ní ìdí. Láàárín 1958 àti 1960, wọ́n ń da yanrìn tí wọ́n wà jáde láti ojú ọ̀nà ọkọ̀ sí ibi tí ìgbì yóò ti pín in káàkiri etíkun. Láti 1960 títí di 1968, ẹ̀rọ kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ sórí apá òkúta náà ń fa yanrìn sí etíkun lọ́dọọdún. Ní 1964, wọ́n gbìyànjú láti fi pákó ṣe ọgbà sí iwájú ìgbì.

Nígbà tí ó yá, bíbu yanrìn lé etíkun ni wọ́n gbájú mọ́. Wọ́n bu mílíọ̀nù 3 kúbíìkì mítà lé e ní 1974 sí 1975, mílíọ̀nù 2 ní 1981, mílíọ̀nù 3 ní 1985 sí 1986, àti mílíọ̀nù 5 ní 1990 sí 1991. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di mílíọ̀nù 13 láàárín ọdún mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, etíkun a fẹ̀, àwọn ènìyàn a padà wá gbafẹ́, òkun náà a sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lákọ̀tun. Kò yani lẹ́nu. Ẹni tí ó ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ tí ihò wà ní ìdí rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ asán, nítorí bí kò bá gbọ́n ọn, ọkọ̀ yóò rì. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ rò pé iṣẹ́ náà ti parí.

Ní 2005 àti 2006, omi òkun ya wọ Ahmadu Bello Way léraléra, ó sì ba ọ̀nà jẹ́. Ìgbà yìí ni wọ́n pinnu pé yanrìn nìkan kò lè tó mọ́, tí wọ́n sì to àwọn búlọ́ọ̀kù kọnkéré sí etí omi.

Ògiri Ńlá àti Àwọn Aládùúgbò Rẹ̀

Ìgbésẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e tóbi ju gbogbo èyí tí ó ti ṣáájú lọ. Wọ́n gbèrò láti gba ilẹ̀ tí òkun ti jẹ padà, kí wọ́n sì tẹ ìlú tuntun dó lé e lórí. Ìlú náà ni Eko Atlantic, tí ètò rẹ̀ jẹ́ kí ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 10 mítà lọ́nà ìbú àti òòró. Òkúta àti búlọ́ọ̀kù kọnkéré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó tọ́ọ̀nù 5 ni wọ́n fi ń kọ́ ògiri tí yóò dáàbò bò ó, a sì gbèrò pé gígùn ògiri náà yóò tó kìlómítà 8.5. Nígbà tí wọ́n ṣe ayẹyẹ ní oṣù Èrèlé 2013, nǹkan bí ìdajì ilẹ̀ náà ti jáde láti inú omi.

Kò sí àní-àní pé ògiri yìí ti dáàbò bo Victoria Island. Omi kò ya wọ Ahmadu Bello Way bí ti àtijọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìgbì tí ó bá ògiri níwájú kì í jókòó. Á wá ibi tí kò sí ògiri. Ní oṣù Ògún 2012, òkun ya wọ Kuramo Beach lóru, ó gbá àwọn àgọ́ tí ènìyàn ń gbé lọ, ẹ̀mí sì ṣòfò. Síwájú sí i ní ìlà-oòrùn, àwọn ará Òkun Alfa ní Ẹtì-Ọ̀sà ń rí i tí òkun ń gba ọ̀nà àti ilé wọn. Awuyewuye wà lórí èyí. Àwọn kan ní ògiri náà ni ó fà á. Àwọn mìíràn rán wọn létí pé òkun ti ń jẹ ilẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó fi òkúta kan lélẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn kejì yìí jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò pa ti àwọn àkọ́kọ́ rẹ́, nítorí pé ẹni tí ó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni ẹrù kékeré ń wó. Lẹ́yìn 2012, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìdábùú òkúta ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ sí ìhà ìlà-oòrùn kí yanrìn lè dúró níbẹ̀. Ibi tí ìdábùú tó gbẹ̀yìn bá parí sí ni ìbéèrè tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ayétòrò: Ibi tí Ilẹ̀ Jẹ́ Ẹrẹ̀

Bí ènìyàn bá tọ etíkun lọ sí ìlà-oòrùn títí ó fi wọ ilẹ̀ Ìlàjẹ, yanrìn yóò dínkù, ẹrẹ̀ ni yóò sì gba ipò rẹ̀. Àfonífojì jíjìn tí ó wà lábẹ́ òkun, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Avon àti Mahin, ń gbé nínú yanrìn tí ń bọ̀ láti ìhà Èkó mì. Ilẹ̀ tí ó kù jẹ́ rírọ̀, kò ga, ìgbì sì lè fọ̀ ọ́ bí ẹni fọ ẹ̀kọ sínú omi. Ní àwọn ibì kan ní agbègbè náà, ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ fún iṣẹ́ epo tún jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú irà tí omi aládùn wà tẹ́lẹ̀. Igi àti koríko tí gbòǹgbò wọn di ilẹ̀ mú kú, ilẹ̀ sì tú.

Níbẹ̀ ni Ayétòrò wà. Ní 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Holy Apostles tẹ ìlú náà dó. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń pín èrè pọ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwọn onímọ̀ láti òkè òkun wá wo bí ìlú apẹja ṣe ṣe é tí ó fi gbèrú bẹ́ẹ̀. Ìlú Aláyọ̀ ni wọ́n ń pè é. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni òkun ti gbé ilé gbígbé, ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́ lọ níbẹ̀. Àwọn kan ti tú ilé pákó wọn tò sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun náà fún agbaṣẹ́ṣe ní 2004, wọ́n sì tún un gbé fún òmíràn ní 2009. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ará ìlú ṣì ń kígbe pé àwọn kò rí ògiri kankan.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Victoria Island àti Ayétòrò kì í ṣe ti òkun, nítorí òkun kan náà ni. Níbi tí owó ilẹ̀ ti ga, a lè ta ilẹ̀ láti fi san owó ògiri. Níbi tí ilẹ̀ kò ní iye lórí lójú oníṣòwò, tí ó jẹ́ pé àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ nìkan ni ó níye lórí fún, ta ni yóò san án? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Àfiwé pẹ̀lú Ibòmíràn

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté Cotonou àti ti Lomé ní àwọn ọdún 1960, yanrìn kó jọ ní ìwọ̀-oòrùn wọn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Nítorí èyí ni ìhà Aného ní Tógò àti apá ìlà-oòrùn Cotonou ní Bẹ̀nẹ̀ fi pàdánù ilé àti ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etíkun Holderness jẹ́ bèbè gíga tí kì í ṣe àpáta. Amọ̀ tí yìnyín ìgbà láéláé kó jọ ni. Bí ìgbì ṣe ń jẹ ẹsẹ̀ bèbè náà ni òjò ń rin orí rẹ̀, títí tí odindi yóò fi ya lulẹ̀. Nǹkan bí mítà kan ààbọ̀ sí méjì ni ó ń lọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ abúlé sì ti rì sínú òkun láti ayé àwọn ará Róòmù. Ní 1991, wọ́n fi òkúta kọ́ ìdábùú méjì sí abúlé Mappleton. Abúlé náà àti ọ̀nà tí ó gba ibẹ̀ kọjá bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ṣùgbọ́n ìhà gúúsù ni yanrìn ń rìn lọ níbẹ̀, ilẹ̀ oko tí ó wà ní gúúsù abúlé náà, ní Cowden, sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Orílẹ̀-èdè tí ó lówó tí ó sì ní ìmọ̀ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àìmọ̀kan àti àìlówó nìkan kọ́ ni ó ń fà á nígbà náà; bí yanrìn ṣe ń rìn ni.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 2023, wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kí, tí òun náà ní apá òkúta tí ó wọ inú òkun. Ìlàjẹ wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ lára ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láti 1912 kò ní í dúró títí ilẹ̀ yóò fi lọ kí ó tó máa wọn etíkun lọ́dọọdún. Igi gánńgán má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.

Ìwúlò fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Olùkọ́ kan lè ní iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì ni èyí. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ nǹkan ní èdè rẹ̀ kò ní í lè jiyàn lé e lórí ní ìpàdé ìlú rẹ̀. Àbá mẹ́ta ni ó tẹ̀ lé e yìí.

Èkíní ni ìfihàn. Kí olùkọ́ wá ọpọ́n gbọọrọ kan, kí ó tẹ́ yanrìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì bu omi sí ìyókù. Kí ó fi ègé pákó ti omi náà ní ìdagun láti ọwọ́ òsì léraléra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí yanrìn tí ń rìn lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Kí ó wá to òkúta wẹ́wẹ́ sí àárín, láti orí yanrìn wọ inú omi, kí ó sì tún ti omi náà bákan náà. Kí wọ́n ṣàpèjúwe ohun tí wọ́n rí ní ìhà méjèèjì ní èdè Yorùbá.

Èkejì ni ìwádìí lẹ́nu àwọn àgbà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wà nítòsí etíkun, kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè orúkọ ibi tí omi ti bò: ọjà, ojúbọ, ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀, itẹ́ òkú. Kí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ìtumọ̀ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀. Kí wọ́n tún gba ọ̀rọ̀ tí àwọn apẹja ń lò fún oríṣi ìgbì, ìṣàn omi àti ẹrẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè wọn. Bí ibùgbé bá tú ká, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù.

Ẹ̀kẹta ni àròkọ alárìíyànjiyàn. Orí ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ ni: “Ó sàn kí a kó ìlú etíkun lọ sí ibòmíràn ju kí a kọ́ ògiri fún un lọ.” Kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ìhà kankan rọrùn. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n kó lọ gbọdọ̀ sọ ibi tí apẹja yóò kó lọ tí yóò ṣì máa pẹja, àti ẹni tí yóò fún un ní ilẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n kọ́ ògiri gbọdọ̀ sọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí abúlé tí ó tẹ̀ lé e.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé bí òkun ṣe ń jẹ ilẹ̀ ní etíkun Èkó àti Ìlàjẹ ní ìdí ju ẹyọ kan lọ, àti pé apá òkúta tí ó sọ Èkó di èbúté ńlá wà lára ìdí náà. Ó ti fi hàn pé ìdábùú òkúta, bíbu yanrìn àti ògiri ńlá ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n pé èyíkéyìí nínú wọn lè ti ewu sí ẹlòmíràn bí a bá ṣe é fún ibì kan ṣoṣo. Ohun tí ó bá ojú ni ó bá imú. Nítorí náà, láti Lomé dé Ìlàjẹ, ojú kan ni ó yẹ kí a máa fi wo etíkun náà.

Nígbàkúùgbà tí ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ bá fẹ́ to òkúta sínú òkun, ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti gba ẹ̀kọ́ yìí lè dìde bi wọ́n ní èdè tí ìyá rẹ̀ gbọ́: Níbo ni yanrìn yìí ti ń bọ̀? Níbo ni ó ń lọ? Ta ni kò ní í rí i gbà mọ́?